Ìkòkò Ẹja Ìyá Trâm

"Ẹja kẹ̀?" Nhàn dé ìkòkò náà padà kíá. "Ìyá Trâm, ẹja lẹ gbé wọ ilé mi lónìí?"

Ìyá Trâm ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ti Biên Hòa, ìlú rẹ̀, bọ̀ ni, kò tíì ṣí akẹtẹ̀ orí rẹ̀ pàápàá. Ẹ̀rín tó gbé bọ̀ kú mọ́ ọn lẹ́nu. "Trâm ọmọ mi ló ní ẹ kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ òní. Àwa Kátólíìkì náà kì í jẹ ẹran ní ọjọ́ Jímọ̀ inú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Ìdí nìyẹn tí mo fi se ẹja."

"Ẹja kì í ṣe ẹran?"

"Ẹja ni ẹja, àna mi. Ẹran ni ẹran."

Nhàn mí kanlẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ tí òṣùpá tuntun lé nìyí, ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Cao Đài bíi tirẹ̀ kì í fi ẹnu kan ohunkóhun tó ti mí rí. Láti òwúrọ̀ ló ti ń se wàrà sóyà àti ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ nítorí àsè oṣù kan ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì kò tíì jọ jẹun láti ọjọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí Ìyá Trâm là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó kó Jésù, Búdà, Lao-tse ọlọ́gbọ́n ará Ṣáínà àti òrìṣà Íńdíà sábẹ́ òrùlé kan náà kò mọ èyí tó fẹ́ sìn. Nhàn náà fún un lésì tó gbóná.

Láàárọ̀ yìí ni Khoa, ọmọ rẹ̀, wá bá a nídìí iná. "Màmá, tí ẹ bá tún bá ìyá ìyàwó mi jà lónìí, Biên Hòa la ó kó lọ. Ó ti sú mi." Khoa kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Trâm gbé ọmọ wọlé, ó kọjú sí Nhàn. "Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mi ò ṣàlàyé tó."

"Fi wọ́n sílẹ̀!" ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ da tèmi nù. Ẹ wo pẹpẹ wọn, ibi tí wọ́n kọ orúkọ Jésù sí: abẹ́ Búdà, abẹ́ Lao-tse, abẹ́ akéwì kan pàápàá!"

"Ó ṣáà wà níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiyín, abẹ́ ta lẹ kọ Búdà sí?"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Nhàn. Khoa yọjú láti àgbàlá, ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá Trâm na ọwọ́ sí ìkòkò rẹ̀ láti gbé e lọ.

Ìgbà yẹn ni Nhàn rí ọwọ́ náà. Ṣúgà gbígbóná tó fi se ẹja náà ti ta sí i, ó ti lé ròrò. Obìnrin yìí jí se ẹja, ó fi aṣọ ìnura wé ìkòkò, ó sì gbé e lé ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí dé Tây Ninh tí Nhàn ń gbé, kò sì ju pé ó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ààwẹ̀ ẹlòmíì lọ. Ojú ti Nhàn gidigidi.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," ló wí. "Mi ò ní jẹ ẹ́ lónìí o, bó ti wù kó rí."

"Ta ló bẹ̀ yín?"

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán. Lọ́la, mo lè jẹ ẹja. Irú ẹja yìí, ọjọ́ kejì ló sì máa ń dùn jù. Àmọ́ mi ò lè máa jẹ ẹ́ kí ẹni tó sè é má sí ńtòsí. Ẹ máa sùn síbí."

Ìyá Trâm wò ó títí, bí ẹni ń wá ìbàjẹ́ lára ẹ̀fọ́. "Mi ò mú aṣọ àwọ̀sùn wá."

"Tèmi wà."

"Tiyín? Ẹ̀yin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí? Apá kan ṣoṣo ló máa gbà mí."

Trâm ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Khoa wọlé lọ tẹ́ ẹní sí yàrá ọmọ fún àlejò.

Ìyá Trâm ṣí akẹtẹ̀, ó fọwọ́. Ó jókòó ti Nhàn lórí àpótí, nídìí igbá olú tí Nhàn ti ń gé. "Olú yìí ńkọ́? Ṣé bí ẹ ṣe ń gé e wíńníwínní yìí náà ni?"

"Báwo lẹ̀yin ṣe ń gé e?"

"Ẹ mú ọ̀bẹ wá."

Nhàn gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́.