Òjé Tí Wọ́n Ní Ọlọ́run Ló Ni Ín

Ẹ gbọ́ ná, irú ìwọ̀sí wo nìyí? Ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì àlòkù da ìdọ̀tí sí ẹnu odò títí, ọ̀gá wọn wá jókòó sínú yàrá àyẹ̀wò, kò tilẹ̀ tijú, ó ní Ọlọ́run ló fi òjé sínú ẹrẹ̀ ibẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá Ẹrẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Orúkọ tí àwọn ará ibi iṣẹ́ fi ń bá obìnrin náà ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn, torí ẹrẹ̀ odò ló ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, apẹja, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ apẹja yìí, kò jẹ́ kí ọmọ lè sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Bí àyẹ̀wò bá ní ilẹ̀ ló ni májèlé yìí, ilé-iṣẹ́ á máa bá tirẹ̀ lọ, àwọn ará etí odò ni wọn á lé kúrò nílé.

"Ẹrẹ̀ a máa gorí ara wọn ni," Ìyá Ẹrẹ̀ ṣàlàyé. "Ti ìsàlẹ̀ pátápátá ti wà níbẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ yín tó dé. Òjé inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ìyẹn ni ti ilẹ̀. Gbogbo èyí tó kún òkè, èèyàn ló dà á síbẹ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó gbé ìgò kan kalẹ̀. "Màdáámù, àwa náà gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ tiwa. Òjé kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ilẹ̀ ni kí ẹ lọ bá jà."

"Ilẹ̀ tó tọ́ bàbá mi, tó tọ́ èmi náà?" Apẹja ti fò dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi." Ìyá Ẹrẹ̀ fa ìgò náà sọ́dọ̀.

Ó da ẹrẹ̀ inú ìgò sínú asẹ́, ó sì ṣí omi sí i. Ẹrẹ̀ ṣàn lọ, ohun dúdú kan ṣẹ́ kù: àfọ́kù ike ara bátìrì, àmì àròpọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sí i lára ṣì hàn kedere.

"Ọ̀gá, ṣé bátìrì ni Ọlọ́run fi dá ayé ni? Abẹ́ páìpù tí ẹ fi ń da ìdọ̀tí sódò lẹ ti bu èyí! Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a."

Ọ̀gá na ọwọ́ sí àfọ́kù náà, ṣùgbọ́n apẹja ti mú un. Ó ń yí i padà lọ́wọ́.

"Irú èyí lọmọ mi fi ń ṣeré," ó ní. "Èmi ni mò ń ṣà á bọ̀ látodò fún un. Ọ̀gá, ó yá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi, kí ẹ lọ sọ fún un pé Ọlọ́run ni."