Súbérù Kò Sọ̀kalẹ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́

"Ọwọ́ ni o jù sí mi," Bàbá Yísà wí. "Bí ẹni ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀! O tún wá lu agogo kẹ̀kẹ́ lé e."

Súbérù ṣì wà nídọ̀bálẹ̀ lórí ẹní ní pálọ̀ àna rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà tó ti wọlé, baba náà kò tíì ní kó dìde, àyà sì ti ń dùn ún. Ìyá Kúbúrátù jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ọkọ rẹ̀, ó ń wo ọmọkùnrin náà. Kúbúrátù, ọmọbìnrin wọn tí Súbérù fẹ́ fẹ́, wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ pé pálọ̀ ni etí rẹ̀ wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Mo rí yín, inú mi sì dùn pé mo rí yín. Ibi tí ẹ dúró sí ní Ìdúmọ̀tà yẹn, èèyàn ò lè dúró níbẹ̀. Lọ́rì wà lẹ́yìn mi."

"Lọ́rì!" Bàbá Yísà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Lọ́rì ni kò jẹ́ kó kí mi. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi la dúró o. Mo ti nawọ́ sí i lókèèrè, mo ní, 'Ẹ wò ó, ọkọ ọmọ mi ló ń bọ̀ yẹn, ọmọ Ìkòròdú. Ẹ máa wo bí yóò ṣe dọ̀bálẹ̀.' Wọ́n wò ó. A jọ ń wò ó títí ó fi kọjá ni."

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dun baba náà. Ó ti fi ọmọ ọlọ́mọ yangàn, ọmọ náà sì dójú tì í lójú ẹgbẹ́.

Ká má purọ́, ẹjọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ kékeré. Ní Ìkòròdú níbi tí wọ́n ti bí Súbérù, ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tó rí àgbà, ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, kó gbé kẹ̀kẹ́ dúró, kó tó kí i. A kì í wà lókè kí àgbà. Láti ọjà ibẹ̀ dé Èbúté létí ọ̀sà, Súbérù a máa sọ̀kalẹ̀ títí tí ì bá fi sàn kó kúkú fẹsẹ̀ rìn. Èkó ló kọ́ ọ ní ọwọ́ jíjù, nígbà tó rí iṣẹ́ káfíńtà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, tó sì ń ti Èbúté Mẹ́ta gun kẹ̀kẹ́ gba afárá Kátà lọ síbẹ̀ láràárọ̀.

"Bàbá, Fàsásì, ọmọ àdúgbò wa ní Ìkòròdú, sọ̀kalẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lórí afárá Kátà. Kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn gbá a látẹ̀yìn, ó ṣubú síwájú bọ́ọ̀sì. Itan rẹ̀ kán. Ilé ló wà títí dòní."

"Ó kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àbí kò kí i?"

"Ó kí i, sà."

"Ọmọ tí wọ́n tọ́ nìyẹn."

"Ẹ forí jì í, Bàbá Kúbúrátù," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. "Ọmọdé ni."

"Ọmọdé kì í gbéyàwó. Yìgì tí a fẹ́ so lóṣù tó ń bọ̀, n ò so ó mọ́."

Ẹkún sọ nínú yàrá. Ẹkún yẹn ló fún Súbérù lẹ́nu. Ó gbórí sókè.

"Bàbá, mo gbọ́ pé ọjọ́ Ajé ẹ máa wà nílé àbúrò yín, Ìyá Rọ̀kíbátù, ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹ jẹ́ n fi kẹ̀kẹ́ gbé yín kọjá afárá láàárọ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, tí ẹ ní ibẹ̀ ṣeé dúró, n ò ní bẹ̀ yín mọ́."

Bàbá Yísà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Èmi tí mo ń tukọ̀ nínú ìjì lórí ọ̀sà, kẹ̀kẹ́ lo fẹ́ fi dẹ́rù bà? Ó dáa. A jọ ń lọ."

Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, ó jókòó sórí kárííà lẹ́yìn Súbérù, ó ká agbádá rẹ̀ mọ́ra kó má bàa kó sí táyà. Títí wọ́n fi dé Ìdó, ó ń dáhùn ìkíni bí ọba tó gẹṣin. Wọ́n wá gun orí afárá.

Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra. Ẹni tó sọ ọ́ kò tíì gun kẹ̀kẹ́ gba afárá Kátà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kẹ̀kẹ́ ń fi apá gbún kẹ̀kẹ́. Bọ̀lẹ̀kájà ń fọn fèrè lẹ́yìn, ọmọlanke dí ọ̀nà níwájú, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń ti gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Akọ̀wé, káfíńtà, alápatà tó so ẹran mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn tẹjú mọ́ táyà ẹni tó wà níwájú wọn. Bàbá Yísà kò dáhùn ìkíni mọ́. Ó ti di bẹ́líìtì Súbérù mú.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n sọ̀ sí Ìdúmọ̀tà nígbà tí Bàbá Yísà rí Àlàájì Tàjùdéèn, àáfà tó kọ́ ọ ní kéwú láti kékeré, tó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ létí afárá. Àáfà náà ti rí òun náà. Ó ti dúró.

"Dúró!" Bàbá Yísà ké. "Àáfà mi nìyẹn! Dúró, kí n sọ̀kalẹ̀!"

"Kò ṣeé dúró, Bàbá."

"Mo ní dúró!" Ó ti ń fi ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mì lọ sọ́tùn-ún, ó mì bọ̀ sósì, fèrè lọ́rì sì dún bí ẹni pé inú etí wọn ló wà.

"N ò ní dúró!" Súbérù jágbe mọ́ ọn. "Ẹ gbẹ́sẹ̀ yín sókè! Ẹ dì mí mú!"

"Bàbá, ikú ni ẹ ń wá ni?" ẹnì kan tó gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn wọn pariwo. "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́!"

Bàbá Yísà gbẹ́sẹ̀ sókè. Lọ́rì náà gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ooru rẹ̀ fi kan ojúgun baba náà.

Súbérù kò dúró àfi ìgbà tó yà sí àdúgbò kan tó dákẹ́ nísàlẹ̀ afárá. Baba náà sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ ti ògiri. Ọkàn Súbérù ti bàjẹ́ pátápátá. Ó wá tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ kan, ó ti dá òmíràn: ó jágbe mọ́ àna.

"Bàbá, mo pariwo mọ́ yín. Ẹ forí jì mí."

Baba náà tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ó ń wo ojú ọ̀nà tí wọ́n ti yà wá.

"Ojoojúmọ́ lo ń gba ibẹ̀?"

"Ojoojúmọ́ ni, sà. Àlọ àti àbọ̀."

"Ṣé Kúbúrátù mọ̀?"

"N kò sọ fún un, sà. Ẹ̀rù á máa bà á."

Bàbá Yísà mí kanlẹ̀. "Àáfà á bínú. Màá lọ bẹ̀ ẹ́." Ó gbọ́wọ́ lé èjìká Súbérù. "Gbọ́. Bí o bá tún rí mi lójú ọ̀nà yẹn, má kí mi. Má tilẹ̀ wo ibi tí mo wà. Iwájú rẹ ni kí o máa wò. N ò fẹ́ kí ọmọ mi tìtorí ìkíni mi di opó."

Omi bọ́ lójú Súbérù kó tó mọ̀.

"Ó tó, gun kẹ̀kẹ́ rẹ. Wọ́n ń retí rẹ níbi iṣẹ́. Èmi á fẹsẹ̀ mi rìn."

Ó gùn ún, ó sì padà sáàárín èrò. Ó ń gbọ́ ohùn baba náà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣe àdúà sókè fún un, títí ariwo ìlú fi bò ó mọ́lẹ̀. Ó wù ú gidigidi láti yíjú padà. Kò yíjú padà.