Ẹni Tó Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Ẹnu ọ̀nà ilé náà kò ju ihò tí àtàǹpàkò lè gbà lọ, ṣùgbọ́n Jáyéọlá wọlé. Orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà, ìyókù ara sì tẹ̀ lé e láìsí wàhálà, nítorí ibi tí orí eku bá ti gbà, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò gbà á. Èyí kò yà á lẹ́nu. Oògùn eku ló ń tà, ọdún kẹrìnlá rẹ̀ sì rèé lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ fún un nípa eku tí kò mọ̀.

Aáyán kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò ní orí. Ó kí Jáyéọlá kú ìrìn, ó ní kó má wo òun bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ Ajé ni orí òun ti bọ́, ẹ̀gbẹ́ ara ni òun sì ti ń mí kí ó tó bọ́, nítorí náà òun kò tíì mọ ìyàtọ̀ kan. Jáyéọlá bi í bóyá iṣẹ́ ọ̀nà ṣíṣọ́ kò nira fún ẹni tí kò ní ojú. Aáyán ní kò nira, ó kéré tán, orí kì í fọ́ òun. Jáyéọlá kò béèrè ibi tí ohùn náà ti ń jáde.

Yàrá tó bọ́ sí jọ pálọ̀ ilé tirẹ̀. Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Àga tí Ṣíjúadé ìyàwó rẹ̀ rán ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ogiri ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àwọn àgbàlagbà tó jókòó síbẹ̀ kò sì lóǹkà. Ènìyàn ni wọ́n, tàbí kí a sọ pé aṣọ ènìyàn ló wà lọ́rùn wọn. Bí wọ́n ti ń kí i káàbọ̀ ni wọ́n ń gé ẹsẹ̀ àga jẹ. Kì í ṣe pé wọn kò ní ẹ̀kọ́. Eyín eku kì í dúró, ojoojúmọ́ ló ń gùn, bí kò bá sì rí nǹkan gé jẹ, eyín ọ̀hún yóò gùn títí yóò fi dí i lẹ́nu. Jáyéọlá, tó ti jókòó, dìde kí wọ́n lè jẹ ẹsẹ̀ àga tirẹ̀ náà.

Ìyá rẹ̀ jókòó láàrin wọn. Ọdún kẹjọ rèé tí wọ́n ti sin ín. Ó sún díẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè ráyè, ó sì tún bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dè fún un bíi pé ọmọ iléèwé ni. Inú Jáyéọlá dùn gan-an láti rí i. Ó wù ú kó sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n ti gbé oúnjẹ wọlé.

Ẹ̀wà ni, ó kún àwo ńlá kan bámúbámú, wọ́n wá da ẹja gbígbẹ lílọ̀ lé e lórí. Òórùn rẹ̀ kò tíì dé imú Jáyéọlá tán tó fi dá a mọ̀. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sè é. Bó ṣe máa ń po oògùn rẹ̀ nìyẹn: ẹ̀wà tó jinná dáadáa, ẹja gbígbẹ, epo díẹ̀, kí òórùn èyí tó wà nísàlẹ̀ má baà yọ.

Baálé ilé náà, àgbàlagbà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ, ṣàlàyé àṣà ilé wọn fún un. Bí oúnjẹ àjèjì bá wọlé, ẹnì kan ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àwọn tó kù yóò máa gbóòórùn ẹnu ẹni náà fún ọjọ́ mẹ́ta, bí kò bá sì ṣe é ní nǹkan kan, gbogbo ilé yóò jẹ. Lẹ́yìn náà ni ó bi Jáyéọlá pé, “Ṣé ọjà yín dára?”

Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni àwọn ìyálé ilé ti ń bi Jáyéọlá ní ìbéèrè yìí. Ẹnu rẹ̀ kò dúró de orí rẹ̀.

“Ó dára gan-an ni,” ni ó wí. “Kò sírú ẹ̀.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bó ti sọ ọ́ tán ni Ṣíjúadé jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, tó ń fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́, tí ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì jẹun láti àárọ̀. Kì í jẹun kí ọkọ rẹ̀ tó dé, bí Jáyéọlá tilẹ̀ ti bá a wí títí lórí ọ̀rọ̀ náà. Baálé ní ó yẹ kó jẹ́ pé èèyàn ọlọ́jà ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ṣíjúadé ní kò burú, ṣebí Bàbá Fọlá ọkọ òun ti sọ pé ó dára.

Ìyá Jáyéọlá fi ẹnu kan etí ọmọ rẹ̀. “Sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún wọn, kó tó gbé e mì.”

Jáyéọlá fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wọn yóò mọ̀ pé òun ni ẹni tó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ihò di ahoro ní àdúgbò wọn, ojú sì tì í níwájú àwọn àgbà tó ń kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó wúkọ́. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀. Ìgbà tí yóò fi rí i, ṣíbí ti wọ ẹnu Ṣíjúadé, ó ti jáde, ó sì tún ti padà sínú àwo.

“Oògùn ni,” ni Jáyéọlá wí.

“A mọ̀,” ni baálé dá a lóhùn. “A mọ ìwọ náà. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tá a fi ní kí èèyàn tìẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín eku tín-ín-rín ju ohun tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ lọ. Èjìká wọn nìkan ni Jáyéọlá rí tó ń mì.

Ó sáré lọ wá epo pupa, nítorí epo pupa ni wọ́n ń fún ẹni tó bá jẹ májèlé kó lè bì. Ilé ìdáná kò sí níbi tó máa ń wà. Kíláàsì kan ló wà níbẹ̀, àwọn ìdun sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìdákẹ́jẹ́, wọ́n fẹ́lẹ́ bí awẹ́ àlùbọ́sà. Wọ́n sọ fún un pé láti ìgbà ọyẹ́ èṣí ni àwọn kò ti jẹun, pé kò sí ìkánjú, àwọn lè dúró títí ọyẹ́ mìíràn yóò fi dé. Wọ́n bi í bóyá ẹnì kan ń sùn nínú ilé. Ó ní kò sí. Wọ́n na ìgò epo sí i, wọ́n sì ní àwọn yóò dúró náà.

Ṣíjúadé mu epo náà tán bí ọmọ tó gbọ́ràn. Jáyéọlá gbá a lẹ́yìn, ó ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, ó bẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó jáde. Eku kì í bì. Jáyéọlá mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, orí ìyẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé: ohun tó bá ti kọjá ọ̀fun eku kò ní ọ̀nà àbọ̀. Ó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó dì mú, ó rí i pé ó ti kéré bí ọwọ́ eku, ó sì tutù. Ó bú sẹ́kún.

“Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá Fọlá,” ni Ṣíjúadé wí. “Ó dùn.”

Ọjọ́ mẹ́ta náà ń kọjá lọ nínú yàrá náà. Àwọn àgbàlagbà tò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbóòórùn ẹnu Ṣíjúadé, wọ́n sì ń padà lọ jókòó. Ara rẹ̀ le. Ó gbálẹ̀, ó di irun rẹ̀, ó béèrè bóyá Fọlá ti kọ lẹ́tà láti iléèwé. Jáyéọlá bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrètí, ìrètí náà sì ń bà á lẹ́rù, nítorí òun ló po oògùn náà kó má tètè ṣiṣẹ́. Bí ó bá tètè ṣiṣẹ́, àwọn tó kù kì í jẹ ẹ́ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ṣíjúadé dìde, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Jáyéọlá bu omi fún un. Ó mu ún tán. Jáyéọlá gbé gbogbo àmù fún un, ó mu ìyẹn náà tán, ó sì ń wo ìta. Tí àwọn oníbàárà bá ń bẹ̀rù pé eku yóò kú sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó sì máa rùn, ọ̀rọ̀ kan ni Jáyéọlá máa ń sọ tí ọkàn wọn fi ń balẹ̀. Ó máa ń ní kí wọ́n má mikàn, kò ní kú sínú ilé, òùngbẹ ni yóò mú un jáde.

Ní ẹ̀yìn Jáyéọlá, wọ́n ti fa àwo ẹ̀wà sáàrin pálọ̀. Ìyá rẹ̀ ń fọ ọwọ́.

Ṣíjúadé jáde. Jáyéọlá di etí ìró rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò dúró, aṣọ náà sì ń fà, ó ń fà, kò tán. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè, ó ń tọrọ omi lọ́wọ́ ẹnì kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ẹni náà bi í pé ìyàwó ta ni. Ṣíjúadé ní òun kò mọ̀, kí wọ́n ṣáà jọ̀ọ́ fún òun lómi.