Ọkọ̀ Tó Ń Jíṣẹ́ fún Tọkọtaya

Ìyá Oníkéèkì àti ọkọ rẹ̀ onígbàjámọ̀ ń yan ara wọn lódì. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má bi mí pé ta ló jẹ̀bi, torí lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ìyá, á ní fèrè ọkọ̀ ló fà á.

Ọkọ̀ náà, oníná ni. Kì í mu epo, kì í sì í pariwo. Àbígbẹ̀yìn wọn ló rà á fún wọn, òun náà ló sì fi áàpù rẹ̀ sórí fóònù àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì. Fóònù yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Bó bá wà lápò ẹni, ilẹ̀kùn á ṣí; bí ẹni náà bá rìn jìnnà, ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀ pa. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Èèyàn lè jókòó sílé kó fi ìka tẹ fóònù, kí ọkọ̀ tó wà ní òdìkejì ìlú tanná, kó fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù, tàbí kó fọn fèrè. Nínú gbogbo rẹ̀, fèrè yìí ni bàbá fẹ́ràn jù.

Lọ́jọ́ ìjà, ìyá dúró níwájú ilé ìtajà fúláwà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tàkúrọ̀sọ. Ọkọ̀ ṣàdédé fọn fèrè lẹ́yìn wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fò sókè. Kò pẹ́, ó tún fọn ọ́n, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Bàbá ni, ebi ló ń pa á nílé, ó wo áàpù, ó rí i pé ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Nígbà tí ìyá délé, ó ní, "Ṣé ajá ni mí ni, tí ẹ ẹ́ máa súfèé pè mí láàárín ọjà?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́. Ìyá ní òun ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ àfi bó bá bẹ̀bẹ̀. Bàbá ní òun ò ní tìtorí fèrè lásán bẹ èèyàn. Bí oníkálukú ṣe fàáké kọ́rí nìyẹn.

Ilé wá pa lọ́lọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá ti ń fárí wà níwájú, yàrá tí ìyá ti ń ṣe kéèkì wà lẹ́yìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Bí wọ́n bá pàdé níbẹ̀, wọ́n á yẹra fún ara wọn bí àlejò méjì tó ṣìnà wọ ilé onílé.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Ọkọ̀ ló wá ń bá wọn jíṣẹ́. Láàárọ̀, bí ìyá bá ti gbé kéèkì sọ́wọ́, kó tó dé ìta, bàbá á ti yọjú lójú fèrèsé, á ti fi fóònù ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, á ti sítáàtì rẹ̀, á ti mú inú rẹ̀ tutù. Ìyá á wọlé, á wakọ̀ lọ, kò ní dúpẹ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí bàbá fẹ́ jáde, ìyá á fi fóònù tirẹ̀ mú àga ọkọ̀ gbóná díẹ̀, torí ó mọ̀ pé ìdúró ojoojúmọ́ ti jẹ́ kí ẹ̀yìn máa dun ọkọ òun. Bàbá náà á jókòó, á mí kanlẹ̀, kò ní dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, agídí ni kò jẹ́ kó gba ẹnu jáde.

Ohun kan ṣá wà tí áàpù ò lè bá wọn sọ. Ó ń sọ iye iná tó kù nínú bátìrì, ṣùgbọ́n kì í sọ ẹni tó kàn láti so ọkọ̀ mọ́ iná. Tẹ́lẹ̀, orí ibùsùn ni wọ́n ti ń bi ara wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó ọmọ dókítà eyín kan nílùú, tí ìyá máa gbé kéèkì lọ, ìyá rò pé bàbá ti so ó, bàbá rò pé ìyá ni. Kò sí ẹni tó béèrè.

Kéèkì ìgbéyàwó yìí ló tóbi jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n tíì gbé fún ìyá ṣe. Alájà mẹ́ta ni, áísìn tó fi bò ó funfun báláú, ó sì fi ṣúgà ṣe òdòdó pupa sí òkè rẹ̀. Gbogbo èèyàn ńlá ìlú ló ń bọ̀ níbi ìgbéyàwó náà. Bí kéèkì bá yọ́, orúkọ ìyá yọ́ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn.

Ó gbé e sínú ọkọ̀ tó ti tutù dè é, ó sì gbéra. Ojú ọ̀nà ló ti rí i pé àmì bátìrì ti pọ́n. Ó dé iwájú gbọ̀ngàn, ó sọ̀ kalẹ̀ láti lọ ní kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣí ilẹ̀kùn ńlá. Nígbà tó máa padà dé, ọkọ̀ ti ti ara rẹ̀ pa. Ó tọwọ́ bọ báàgì: ọ̀bẹ áísìn, aṣọ ìnuwọ́, bébà. Fóònù ò sí níbẹ̀. Orí àpò fúláwà ló fi í sí nílé. Bàbá tó ti bá a ṣí ọkọ̀, tó ti bá a sítáàtì rẹ̀, ni kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun ò mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Oòrùn ń ràn, ó ń mú bí iná. Ìyá fi ojú mọ́ gíláàsì. Bó ṣe ń wò báyìí ni afẹ́fẹ́ tútù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó kàn án. Ó yé e lójú ẹsẹ̀ pé bàbá ti rí fóònù òun nílé, ó ti wo áàpù, ó sì ti mọ̀ pé kéèkì há. Kí ló dé tí kò wá ṣílẹ̀kùn? Ìyẹn náà yé e. Bàbá ò lè rí bóyá òun wà nítòsí, kò sì jẹ́ ṣí ọkọ̀ sílẹ̀ fún olè. Kò lè pe òun náà, torí ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù òun wà. Òun ló gbọ́dọ̀ pè é, òun ló sì máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó wo àmì pupa bátìrì. Ó wo ẹ̀ṣọ́.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, bá mi pe nọ́ńbà kan. Sọ fún ẹni tó bá gbé e pé kó ṣí ọkọ̀ yìí."

"Ẹ̀yin ò lè bá a sọ̀rọ̀ ni, Màmá?"

"Ọ̀fun ń dùn mí," ni ìyá wí, pẹ̀lú ohùn tó já gaara.

Ẹ̀ṣọ́ pè é, ó jẹ́ kó máa dún síta. "Ẹ káàsán, sà. Màmá oníkéèkì ní kí ẹ ṣí ọkọ̀."

"Ta ni ìwọ?"

"Èmi ni mò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbí."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìwọ gan-an kọ́ ni olè? Fún màmá ní fóònù, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀."

"Ọ̀fun ń dùn wọ́n, sà."

"Ẹn-ẹn. Ọ̀fun," ni bàbá wí. "Wọ́n kú ìnira o. Mò ń dúró."

Ẹ̀rù olè ń bà á lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan.

Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ dáwọ́ dúró. Bátìrì ò lè gbé e mọ́. Òdòdó tó wà lókè pátápátá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ tó wà níbẹ̀, kì í ṣe kéèkì nìkan ló wà lọ́kàn ìyá mọ́. Ohùn ọkọ rẹ̀ tó gbọ́ nínú fóònù yẹn ló mú un. Kò mọ̀ pé ó ti ń wu òun gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù.

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Èmi ìyàwó yín. Kéèkì ń yọ́, Bàbá wọn. Ẹ ṣí i fún mi. Àárò yín sì ń sọ mí."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti ṣí. Kódà, ó ti ṣí látìgbà tó ti ní "Èmi ni". Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìyókù tó sọ.

Òun àti ẹ̀ṣọ́ rọra gbé kéèkì wọ inú gbọ̀ngàn níbi tó tutù. Ó fi ọ̀bẹ gbé òdòdó dúró, ó fi áísìn dí ìdí rẹ̀. Ìyá ìyàwó wò ó yípo, ó ní ó dára ju bí òun ṣe rò ó lọ. Ìyá Oníkéèkì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mí. Ẹ̀ṣọ́ bá a fa wáyà láti inú ilé, ó so ọkọ̀ mọ́ iná. Ó ní ó máa di ìrọ̀lẹ́ kó tó gba iná tó máa gbé e délé.

Ìyá fẹ́ dá fóònù padà fún un, ló bá rí i pé bàbá ò tíì gé e.

"Ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí. Ṣé kéèkì wọlé láyọ̀?"

"Ó wọlé."

Bàbá wá ní, "Fèrè ọjọ́ yẹn. Mi ò ṣe dáadáa. Ẹ̀rín tí mo rín ló tún wá burú jù. Má bínú."

"Èmi náà ti le jù. Oníbàárà ò sí lọ́dọ̀ yín ni?"

"Ọ̀kan wà lórí àga. Mo ti fá ẹ̀gbẹ́ kan."

"Ẹ lọ fá ìkejì fún un, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ní kò kán òun lójú. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wa máa já sí."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ sí i. "Màmá, fóònù mi."

"Ó ń béèrè fóònù rẹ̀," ni ìyá wí.

"Sọ fún un kó ní sùúrù. Mi ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé àwọn aládùúgbò wa fún ẹ. Láti ọjọ́ tí a ti ń jà ni mo ti ń pa á mọ́ sínú, mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún."

Ìyá fi ojú bẹ ẹ̀ṣọ́. Ó wọ inú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ àga sẹ́yìn kí ara lè rọ̀ ọ́.

"Mò ń gbọ́ yín," ó ní.