Ìrọ̀rí Mélòó Lẹ Fi Ń Sùn?

Ọjọ́ kan péré lọ́dún ni èèyàn máa ń fọwọ́ kàn mí. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ ìdánwò àwọn dókítà tó fẹ́ di ọ̀gá nínú ìtọ́jú ọkàn. Ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn mi kì í pa dé dáadáa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gba ibẹ̀ padà, á máa súfèé. Wọ́n ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tí akọ̀wé ìdánwò fi máa ń pè mí lọ́dọọdún pé kí n wá jókòó fún wọn. Bàbá Súfèé ni wọ́n ń pè mí. Ọdún kẹsàn-án rèé.

Télọ̀ ni mí kí ojú mi tó di bàìbàì. Àyà tí mo ti fi téèpù wọ̀n kò lóǹkà. Tèmi ló wá kàn báyìí. Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, tí a ò sì bímọ, èmi àti ògiri la jọ ń sọ̀rọ̀, ògiri ò sì mọ àwàdà. Bí ọjọ́ ìdánwò bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ṣe ni inú mi máa ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún.

Lọ́dún yìí, ó ti tó oṣù méjì tí ẹsẹ̀ mi ti ń wú. Mo mọ òfin wọn: ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá ti le, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Mo bá tú etí ṣòkòtò mi, mo fi aṣọ kún un, mo rán an títí ó fi gùn dé ilẹ̀. Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé iṣẹ́ o.

Dókítà márùn-ún ló kọ́kọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Ìwé tí wọ́n fún wọn ní kí wọ́n gbọ́ ọkàn, ọkàn náà sì ni wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méje, agogo á dún, wọ́n á ròyìn fún àwọn olùdánwò méjì tó jókòó sí igun. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wo ẹsẹ̀ mi.

Ẹnì kẹfà jẹ́ ọmọbìnrin kan. Ìgbà kẹta tó ń ṣe ìdánwò yìí rèé. Lọ́dún tó kọjá, ẹkún ló sun jáde. Ó gbọ́ àyà mi díẹ̀, ó wá ń wo bí mo ṣe ń mí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn?"

Mo mọ ohun tó ń wá. Ẹni tí omi bá ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kì í lè sùn gbalaja. Orí àga ìyàwó mi ni mo ń jókòó sùn.

"Ẹyọ kan," mo dáhùn.

"Kò sí ìbéèrè níbí," olùdánwò àgbà sọ. "Ọkàn ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ìṣẹ́jú méjì ló kù."

"Ẹ má bínú, sà." Ó kúnlẹ̀, ó ká etí ṣòkòtò mi sókè. Mo fẹ́ fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn, ó ti dì í mú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi, ibẹ̀ jìn wọlé bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò.

"Má sọ fún wọn, ọmọ mi," mo rọra bẹ̀ ẹ́. "Wọ́n á yọ mí."

Omi lé sí i lójú. Agogo dún.

"Kí lẹ gbọ́?" olùdánwò àgbà bi í.

"Mo gbọ́ súfèé náà, sà, ṣùgbọ́n mi ò ráyè gbọ́ ọ tán." Ó nu ojú rẹ̀. "Bàbá ò gbọdọ̀ lọ sílé lónìí. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn."

Wọ́n wò ó. Olùdánwò kejì gbọ́ ẹ̀yìn mi, ó sáré ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wá. Olùdánwò àgbà pa máàkì tó ti kọ fún un rẹ́, ó kọ èyí tó ju ìyẹn lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lò ju oṣù méjì lọ. Inú bí mi sí ọmọ náà. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ mi, mi ò sì fẹ́ kó mú un kúrò.

"Bàbá, ta ni ká pè nílé?"

"Kò sẹ́nì kankan nílé."

"Ẹbí ńkọ́? Ọ̀rẹ́? Ẹnikẹ́ni tó máa ń pè yín?"

Mo fún un ní fóònù mi. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí.

Fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Akọ̀wé ìdánwò yọjú wọlé, ìwé orúkọ wa lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń pè mí nínú yín?"

Mo na ọwọ́ sókè.