Ọpọlọ Mẹ́jọ Adéníran

Adéníran búra nínú yàrá àwọn tíṣà nílé ẹ̀kọ́ pé lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà òun tuntun kọ́kọ́ ronú lórí ayò ṣẹ́ẹ̀sì, ooru tó jáde nídìí rẹ̀ gbẹ gbogbo láfún tí wọ́n sá sí Ayete, ó sì yan àgbàdo oko mọ́ ọn.

“Igba ọ̀tayò ló nà ní Ìdèrè láàárín ìṣẹ́jú kan! Ọpọlọ mẹ́jọ ló ní, bàbá. Ti àtijọ́, ọpọlọ kan péré!”

Bàbá Ọmọ́tárá, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnikẹ́ni ò tíì nà ní ṣẹ́ẹ̀sì rí ní Igbó-Ọrà, ń nu dígí ojú rẹ̀.

“Kò burú. Bó bá nà mí, màá bá ọ bẹ àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ yìí kí wọ́n fi ọ́ ṣe tíṣà kọ̀ǹpútà. Bí ò bá nà mí, padà sídìí fóònù tó ò ń tún ṣe.”

Ọdún mẹ́ta ni Adéníran ti ń wá iṣẹ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ta ayò náà lóòótọ́, irọ́ kọ́.

Bàbá ta ayò kan. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé, “Mò ń ronú.” Ó ronú, ó ronú, èèyàn ìbá ti gbin iṣu kó sì wà á. Ti àtijọ́ kì í pẹ́ tó báyìí! Ṣé bí ọpọlọ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọgbọ́n ń dín kù ni? Kò yé Adéníran rárá.

“Bóyá wọ́n ń ṣèpàdé,” ni Sàrátù, tíṣà físíìsì, wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fi iṣẹ́ ọpọlọ kọ̀ọ̀kan hàn. “Ẹyọ kan ló ń làágùn, méje ń sùn. Báwo lo ṣe pínṣẹ́ fún wọn?”

“Bí wọ́n ṣe ń wáyé nílùú wa náà ni, àǹtí! Táyéwò á kọ́kọ́ jáde lọ tọ́ ayò wò. Kẹ́hìndé á dúró títí yóò fi ké. Ìdòwú á dúró de Kẹ́hìndé, Àlàbá á dúró de Ìdòwú…”

Sàrátù pàtẹ́wọ́. “Áà! O tò wọ́n bí aláboyún lọ́sibítù! Ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ kan lo lè kọ ètò fún báyẹn. Ti ìsinsìnyí, ṣe ni kí wọ́n jọ jáde, kí kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Bí wọn ò bá jọ ṣe é, ẹyọ kan nínú wọn ò yá tó ti àtijọ́ ẹ.”

“Kí wọ́n jọ jáde? Ta wá ni ẹ̀gbọ́n?”

“Ẹ̀rọ ò lẹ́gbọ̀ọ́n!”

Orí Adéníran wá dàrú bí òwú tí ewúrẹ́ jẹ. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó na ìka. Ọmọ ayò tí wọ́n ń pè ní ẹṣin fò lójú ẹ̀rọ.

“Ó ti ta o!”

Bàbá Ọmọ́tárá sún mọ́ ọn. “Kí ni wọ́n kọ sókè yìí?”

“Mò ń ronú, sà.”

“Ó ṣì ń ronú. Ta ló wá gbé ẹṣin?”

“Táyéwò ni, sà.”

“Táyéwò ń ronú, àwọn àbúrò ẹ̀ ń sùn. Ìka ta ló wà lórí bọ́tìnnì yẹn?”

Adéníran wo ìka náà bí ẹni pé ọmọ aládùúgbò ló ni ín.

“Ìka yìí náà ló na igba èèyàn ní Ìdèrè?”

Adéníran ti gba ojú fèrèsé jáde, ó já bàtà kan sílẹ̀, ó sì sáré kọjá ọ̀kadà mẹ́ta lọ́nà Èrúwà.