Yẹ̀pẹ̀ Ọwọ́ Sájẹ́ǹtì Àdìó

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ sún mọ́bí dáadáa, mi ò ní pariwo. Ìwọ tó ò ń tẹ fóònù lẹ́yìn yẹn, fi sápò, ẹni tó ń wá ẹ á tún pè. Màmá tó gbé ẹ̀wà kaná, ẹ lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó, torí tó bá jóná, èmi lẹ máa dárúkọ fún bàbá àwọn ọmọ. Ṣé a ti pé? Etí dà? Ó dáa.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Tàfíntà ni mo fẹ́ sọ, àti ọjọ́ tí ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá Tudun Wada, ní Kaduna, sí méjì nítorí orúnkún ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò bá pàdé rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Kaduna, ẹ mọ bó ṣe rí. Yorùbá wà nílé, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà ní mọ́ṣáláṣí. Ó kàn ti yọ sójú títì báyìí, Haúsá ti gbọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Àwọn ọmọ wa gbọ́ "wá jẹun," wọ́n gbọ́ "màá nà ẹ́." Lẹ́yìn ìyẹn, ó tán. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tí ẹgbẹ́ bá ṣèpàdé ìparí oṣù tán, ní gbọ̀ngàn wa nítòsí ọjà Kasuwan Barci, a máa ń wo fíìmù Yorùbá kan, Bàbá Adédàpọ̀ á sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú máìkì, á máa tú u sí Haúsá bó ṣe ń lọ. Sípíkà kan wà nínú ilé, èkejì wà lójú fèrèsé. Àwọn Haúsá àdúgbò náà á yà wọlé, ẹni tó wá ra tòmátì á gbàgbé tòmátì. Tàfíntà ni wọ́n ń pe ògbufọ̀ lọ́hùn-ún, bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ìyàwó ẹ̀ gan-an ń pè é ní Tàfíntà.

Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ dàgbà ládùúgbò yẹn ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o. Tí obìnrin bá ń sunkún nínú fíìmù, Bàbá á sunkún. Tí mọ́tò bá ń sáré, á fẹnu ṣe ẹ́ńjìnnì. Tí mọ́tò bá takú, á fẹnu ṣe mẹkáníìkì.

Fíìmù tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ni Sájẹ́ǹtì Àdìó, apá kìíní, ìgbà tí fíìmù ṣì ń wà nínú kásẹ́ẹ̀tì dúdú gbàǹgbà yẹn. Ọlọ́pàá ni Àdìó. Kì í gbébọn. Tó bá fẹ́ jà, á bẹ̀rẹ̀, á bu yẹ̀pẹ̀, á fi ra àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á wá ní, "Orúnkún mi ò mọ ilẹ̀!" Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa ṣa eyín olè nílẹ̀ ni. Ní Tudun Wada, ọmọ Haúsá tí ò lè kí yín "ẹ káàárọ̀" mọ bí wọ́n ṣe ń bu yẹ̀pẹ̀ yẹn.

Apá kejì wá jáde lẹ́yìn bí ogún ọdún. Òṣèré yẹn náà ni, Àdìó yẹn náà ni. Gbogbo wa ń retí ẹ̀ bí ẹni ń retí àlàájì láti Mẹ́kà.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tan tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn, ààrẹ ẹgbẹ́ dìde. Màmá Folúṣadé nìyẹn. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé wọn wá láti Èkó, wọ́n ṣe é títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n Haúsá wọn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá ń ná iṣu lọ́jà, ẹni tó ń tà á á rò pé wọ́n ń bú òun.

Wọ́n ní, "Bàbá Dàpọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ti ṣe bẹbẹ. Àmọ́ èémí yín ti ń já láàárín ọ̀rọ̀. Fíìmù tòní lẹ máa tú kẹ́yìn. Láti oṣù tó ń bọ̀, Zulaiha ló máa gbé máìkì."

Tíṣà ni Zulaiha, ní Kinkinau. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kaduna, Yorùbá ẹ̀ dán, Haúsá ẹ̀ dán. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, sà."

"Dìde," Bàbá ní. "Orúnkún ò mọ ilẹ̀ níbí yìí." Ó kọjú sí Màmá Folúṣadé. "Ààrẹ, ẹ̀yin lẹ fẹ̀yìn tì, èmi ò fẹ̀yìn ti nǹkan kan. Ẹ máa gba máìkì yìí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé mi lọ sí itẹ́ òkú. Kẹ́ ẹ sì rọra gbà á, torí màá ṣì máa sọ̀rọ̀."

Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Màmá ní kí wọ́n tan fíìmù.

Gbogbo ilé hó yèè nígbà tí Àdìó yọ. Kò pẹ́ tí ariwo fi rọlẹ̀. Irun orí ẹ̀ ti funfun. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ilé ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń gbé, ọkọ ọmọ sì ń bá a wí pé ó gbàgbé láti pa iná ilé ìwẹ̀. Àdìó o! Ẹni tó ti fi orí olè ṣílẹ̀kùn báǹkì rí!

Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni mo jókòó sí, mo sì ń gbọ́ èdè méjèèjì. Ọkọ ọmọ ní, "Bàbá, ẹ tún ti fi iná sílẹ̀ o." Bàbá tú u sí Haúsá pé, "Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tan iná fún wa." Mo wo Bàbá. Bàbá wò mí. Ó ṣẹ́jú sí mi.

Nígbà tó yá, àwọn jàǹdùkú jí ọmọbìnrin yẹn gbé. Àdìó wá wọn lọ sí ilé ìlagi kan tí wọ́n ti pa tì, òun nìkan, tòun tọ̀pá ẹ̀. Olórí wọn, ọmọ tí irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì kún, ní, "Tó o bá fẹ́ ọmọ ẹ, kúnlẹ̀, kó o bẹ̀ mí." Àdìó ju ọ̀pá sílẹ̀. Ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún kan, orúnkún kejì, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ó ní, "Mo bẹ̀ ọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn." Jàǹdùkú yẹn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Nígbà tó fi máa mọ́lẹ̀ padà, Àdìó àti ọmọ ẹ̀ ti ń rìn lọ sílé, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Fíìmù tán.

Ti Yorùbá nìyẹn o. Ẹ wá gbọ́ ti Haúsá.

Bàbá fò dìde lórí àga. "Kái! Ẹ wò ó, ó ń bẹ̀rẹ̀! Ọwọ́ ẹ̀ ti kanlẹ̀! Yẹ̀pẹ̀ ló fẹ́ bù!" Ibi tí Àdìó ti ń bẹ̀bẹ̀, Bàbá ní, "Mo fún ẹ láàyè ìkẹyìn, máa sá lọ!" Ẹ̀rín jàǹdùkú, Bàbá ní ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni. Ojú tẹlifíṣọ̀n wá ṣókùnkùn, ẹ mọ nǹkan tí ọkùnrin yìí ṣe nínú òkùnkùn yẹn? Ó fẹnu ja ìjà náà látòkèdélẹ̀! Gbì! Gbàà! Igi wó! "Ẹ gbà mí!" Eyín ń já sílẹ̀! Kò sí èémí kankan tó já. Nígbà tí ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀, ó nu òógùn, ó ní, "Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń lọ sílé."

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé kúrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó, àwọn àgbà, tí wọn kì í fetí sí máìkì torí Yorùbá yé wọn, fọwọ́ lérán bí ẹni tó wá kẹ́dùn.

Bọ̀dá Jonah ló kọ́kọ́ bú gbàù. Kíláàkì ni ní sẹkitéríàtì, apá kìíní sì wà lórí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Ìwọ̀sí ni! Ẹni tó ṣe fíìmù yìí, kó wá síbí kó wá wò mí lójú! Wọ́n pa Àdìó!"

Humairah, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní Afaka, yíjú sí i. Haúsá ló sọ, èmi ni mò ń tú u fún yín. "Baba, ta ni wọ́n pa? Ṣebí òun ló pa wọ́n?"

"Ta ló pa ta?"

"Àdìó! Ó nà wọ́n bí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀!"

"Ọmọ yìí, ṣó o sùn ni? Níbo lo ti rí i?"

"Nínú òkùnkùn!"

"Nínú òkùnkùn lo ti ríran?"

"Wàláì, èmi náà rí i," ẹnì kan ké látojú fèrèsé. Àúdù nìyẹn, tó ń ta ìrèké lẹ́nu ọ̀nà wa. "Igi wó lu ìkẹta wọn."

Mo ti fi fìlà bo ẹnu. Ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí.

Zulaiha ló dìde. Ojú ẹ̀ le. "Kò sí ìjà kankan. Àdìó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì dá ọmọ ẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ló fi ìjà kún un."

Humairah wo Bàbá bí ọmọ tí wọ́n sọ fún pé ẹran iléyá ti sá lọ.

"Bàbá Dàpọ̀!" Màmá Folúṣadé ní. "Ẹ ń fi máìkì ẹgbẹ́ purọ́?"

"Mi ò purọ́. Mo tú Àdìó. Ọmọ tó kọ fíìmù ni ò mọ̀ ọ́n. Kí ló mọ̀ nípa orúnkún àgbàlagbà?"

"Èmi mọ̀ nípa ẹ̀!" Màmá lu orúnkún tiwọn. "Eléyìí ń ro mí láràárọ̀. Àdìó ti dàgbà, ẹ jẹ́ kó dàgbà! Kí lẹ fẹ́, kó máa bu yẹ̀pẹ̀ títí tó fi máa kú? Fíìmù tó dáa jù tí mo wò lọ́dún yìí nìyí."

"Ó dáa?" Jonah fò sókè. "Ààrẹ, ẹni tó ní orúnkún òun ò mọ ilẹ̀!"

Zulaiha ní, "Bọ̀dá, ìgbà yẹn, kò tíì bímọ. Ẹni tó kúnlẹ̀ nítorí ọmọ ẹ̀, ṣé kékeré lagbára ẹ̀? Ó le ju kó na èèyàn lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọlé, mi ò ní purọ́. Jonah gan-an jókòó díẹ̀. Bàbá nìkan ni ò mira.

"Ó le, mo gbà," Bàbá ní. "Mo gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú mi. Tó bá fẹ́ kúnlẹ̀, kó kúnlẹ̀ ní Yorùbá, láàárín àwa ará ilé. Ṣùgbọ́n kò ní kúnlẹ̀ ní Haúsá, lójú fèrèsé, lójú gbogbo ọjà. Kì í ṣe lẹ́nu mi."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa pinnu ìyẹn, sà," Zulaiha ní. "Ohun tí wọ́n bá sọ ni tàfíntà ń sọ."

"Ó tó!" Màmá na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ dá a padà sẹ́yìn. Ilé ìlagi. Zulaiha máa tú u bó ṣe rí, kí gbogbo ayé gbọ́ òótọ́. Bàbá Dàpọ̀, ẹ fún un ní máìkì."

Bàbá wo máìkì. Ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́. "Mi ò fún ẹnì kankan ní nǹkan kan," ó ní. "Mo gbé e kalẹ̀ kí n fi mumi ni."

Zulaiha mú un.

Ìròyìn ti dé ọjà nígbà náà pé wọ́n fẹ́ tún ibi tí Àdìó ti jà fi hàn. Ẹ wá wo èrò! Àwọn onítòmátì, àwọn oníkẹ̀kẹ́, obìnrin tó pọn ọmọ, orí ń yọ lójú fèrèsé lórí ara wọn. Àúdù ló wà níwájú. Ó ti pa ìrèké tì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa, ó fi ra ọwọ́ méjèèjì, ó sì ké Yorùbá kan ṣoṣo tó gbọ́ láyé ẹ̀: "Orúnkún mi ò mọ ilẹ̀!" Gbogbo ojú fèrèsé gbà á lẹ́nu ẹ̀.

Màmá Folúṣadé yíjú wò wọ́n. Wọ́n wo ọwọ́ Àúdù tó kún fún yẹ̀pẹ̀.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Zulaiha ò bẹ̀rù, ohùn ẹ̀ mọ́ gaara nínú sípíkà méjèèjì. Jàǹdùkú ní kó kúnlẹ̀, Zulaiha tú u sí Haúsá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọwọ́ Àúdù tó ń ra yẹ̀pẹ̀ dúró. Àdìó ju ọ̀pá sílẹ̀. Ariwo ojú fèrèsé kú. Orúnkún kan kanlẹ̀. Bàbá Tàfíntà yíjú sí ògiri. Orúnkún kejì ń bọ̀, Zulaiha fa èémí sínú kó lè sọ ọ́.

Ni Màmá Folúṣadé bá já máìkì gbà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì fi Haúsá burúkú tí wọ́n fi ń náṣu yẹn ké sí gbogbo Kasuwan Barci pé, "Yẹ̀pẹ̀ ni o! Yẹ̀pẹ̀ ló ń bù!"